Fídíò Kì Í Mú Fíríjì Tutù

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. N kò bá àgbà jiyàn. Àgúnmu a máa fọ inú lóòótọ́; èyí tí wọ́n gún fún èmi ní ìlú Douala yìí, ní Kámẹrúùnù, àpò mi ló fọ̀, ó sì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi kí ẹ tó sọ pé ẹnu mi gùn. Iṣẹ́ mi kò ṣòroó ṣàlàyé. Mò ń tún fíríjì ṣe, mò ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó ń bọ́ ilé mi jù ni yàrá yìnyín àwọn ẹlẹ́ja. Ẹja makero tó ń ti òkè òkun gba èbúté Douala wọlé, èyí tí àwa ń pè ní títọ́ọ̀sì nílé, kò sí àdúgbò tí ẹ ò ní rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Poissonnerie ni wọ́n ń pe irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Bí yìnyín bá yọ́ níbẹ̀ lóru, kò sí ẹni tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí láàárọ̀; imú kálukú ni yóò jíṣẹ́ fún un. Èmi ni wọ́n ń pè kí ó tó dà bẹ́ẹ̀. New Bell ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àdúgbò tí àwọn àlejò ti ń wọ̀ sí láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn: Haúsá, Bamiléké, Ìgbò, àwa ọmọ Yorùbá náà. Frigoriste ni wọ́n ń pe irú wa. Àwọn ọmọ àdúgbò ní tiwọn ń pè mí ní Papa Glaçon, Bàbá Yìnyín. Orúkọ náà wù mí.

Láyé ọjọ́un, ẹnu àwọn èèyàn ló ń bá mi polówó. Ẹlẹ́ja kan á sọ fún èkejì, èkejì á sọ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀. Mo tún ní pátákó kan tí ayàwòrán kun ẹyẹ pẹ́ńgúìnì sí, tó wá jọ pẹ́pẹ́yẹ tó wọ kóòtù. Ó tó. Iṣẹ́ ń wọlé. Àfi bí ayé ṣe yí padà, tí ẹni tí mo ti ń tún fíríjì ìyá rẹ̀ ṣe láti kékeré rẹ̀ wá ń bi mí pé, “Papa, níbo la ti lè wò yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì?” Mo dúró níwájú rẹ̀. Ó ń wò mí lọ́wọ́. Kò tó o.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ọ̀rọ̀ fídíò dé. Ó ní, “Dádì, ẹni tí kò bá sí nínú fóònù kò sí láyé.” Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, ọ̀dọ́mọkùnrin oníkámẹ́rà tí gbogbo wọn ń pè ní Réal, ìyẹn olùdarí eré lẹ́nu àwọn ọmọ ìgboro. Ọmọ Buea ni. Ní 2017, ìjọba ti íntánẹ́ẹ̀tì pa ní ẹkùn tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí Buea wà nínú rẹ̀, láti January 17 títí di April 20, ọjọ́ 93 gbáko. Àwọn ọ̀dọ́ Buea tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ń wọ mọ́tò wá sí Douala nígbà náà kí wọ́n lè rí ibi fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Réal wà lára wọn, kò sì padà mọ́. Bó ṣe sọ ìtàn yìí fún mi ni àánú rẹ̀ ṣe mí. Àánú yẹn ni mo fi san owó àkọ́kọ́.

Ohun tí a kọ́kọ́ jọ fà ni aṣọ. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi dé, tó ní orúkọ mi láyà, tó ní òróró lápá. Ó ní rárá o, kóòtù àti táì ni. Ní Douala! Ìlú tí èèyàn ti ń wẹ̀, tí òógùn tuntun ti dé kó tó nura tán. Wọ́n lẹ pọ́ńdà mọ́ mi lójú. Òógùn gbé pọ́ńdà náà lọ sí ọrùn kóòtù. Ó ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀ kọjá níwájú yàrá yìnyín, kí n máa wo òkèèrè, kí n ṣe ojú ẹni tó ń ronú. Mo ń ronú lóòótọ́. Mò ń ro iye tí wọ́n ń gbà lórí kámẹ́rà lójúmọ́.

Òtútù ló wá kó wa sí wàhálà. Ohun tí mò ń tà gan-an ni òtútù, kámẹ́rà kì í sì í ya òtútù. Réal kó àwọn ọmọ kan wá, ó wọ súwẹ́tà fún wọn, ó ní kí wọ́n máa gbọ̀n. Kí wọ́n tó gbọ̀n tán, súwẹ́tà ti rin gbingbin. Ó bá lọ gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń tú èéfín funfun, ó ní èéfín á ṣe bíi yìnyín. Ẹni tó kọ́kọ́ rí àwòrán náà pè mí kíákíá: “Papa, ṣé àwọn panápaná ti dé?” Bẹ́ẹ̀ mo ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, òṣùwọ̀n òtútù wà lára ògiri yàrá yẹn. Jẹ́ ká ya á nígbà tó ṣì wà lókè òdo, tí ẹja ń rọ̀. Jẹ́ ká ya ọwọ́ mi níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ká wá ya òṣùwọ̀n náà nígbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé -18, ibi tó yẹ kí ẹja dídì wà. Kò sí ẹlẹ́ja tí kò mọ ohun tí -18 jẹ́ fún owó rẹ̀.” Ó wò mí tàánú-tàánú. Ó ní nọ́ńbà kì í wọ èèyàn lọ́kàn.

Ó wá ku drọ́ònù. N kò mọ ẹni tó sọ fún àwọn ọmọ yìí pé kò sí fídíò láìsí drọ́ònù. Réal ní dandan ni ká fò yí ère La Nouvelle Liberté po ní oríta Deido. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, Joseph Francis Sumégné ló fi irin àlòkù àti pàǹtírí gbé e dúró ní 1996, ó ga ní mítà 12. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ará ìlú pariwo pé kí ni wọ́n gbé síbẹ̀ yìí. Lónìí òun lojú ìlú. N kò ní ohun kan sí ère náà, irin àlòkù lèmi náà fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n kí ló pa òun àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ pọ̀? Réal ní ó ń fúnni ní “identité”, ìdánimọ̀. Ìdánimọ̀ ta ni? Ẹ wo fídíò àwọn ẹlòmíràn ná. Oníṣègùn eyín, ère. Agbẹjọ́rò, ère. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ère. Lẹ́yìn ère, afárá Wouri láti ojú ọ̀run. Lẹ́yìn afárá, ọwọ́ méjì tó ń bọ ara wọn. Lẹ́yìn ọwọ́, ohùn kan tó ń sọ pé ìtẹ́lọ́rùn yín ló jẹ wá lógún. Bí gbogbo wọn bá pààrọ̀ orúkọ lóru, kò sẹ́ni tó máa fura láàárọ̀. Bí ère yẹn bá ń gbowó lórí ìpolówó ni, ì bá ti kọ́lé sí Bonapriso.

Drọ́ònù wa kò tíì dé èjìká ère tí agbófinró fi dé, tó ń béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ má bi mí ní iye tó ná mi. Òjò náà kò gbẹ́yìn. Oṣù Kẹjọ la wà, ní ìlú tí òjò ọdún kan ti ń lé ní 3,500 mílímítà, Réal sì ń dúró de ìgbà tí oòrùn máa wọ̀ kó lè ya pupa ojú ọ̀run. Oòrùn wo? A jókòó sábẹ́ tapólìn, owó kámẹ́rà ń gorí ara wọn.

Nígbà tí wọ́n fi gé e tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ tán, oṣù Kẹta ọdún 2024 ti dé. Ọ̀sẹ̀ tí fídíò máa jáde gan-an ni àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Côte d’Ivoire, ní March 14, tí Nàìjíríà, Gánà, Benin, Kámẹrúùnù àti àwọn mìíràn fi ń wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, òkun ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé etí omi Wouri. N kò ṣẹ òkun rí.

Ó jáde ṣá. Ẹ bá mi wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ yọ ni àgbáyé tó ń yí. Ayé yí, yìnyín fọ́, iná kọ yẹ̀rì, orúkọ ilé iṣẹ́ Réal jáde kí tèmi tó jáde. Láti 2010 ni YouTube ti ń jẹ́ kí èèyàn fo ìpolówó lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Nínú márùn-ún tèmi, ayé nìkan ló yí. Ẹ wá ro ti ìyá tó ń kiri ọjà nílé wa. Igbe rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn ìdílé rẹ̀. Orúkọ ohun tó gbé rù lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́: ẹ̀kọ ni, mọ́ínmọ́ín ni, ẹ̀fọ́ ni. Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ ti mọ̀ bóyá ó gbóná. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí ojú rẹ̀, owó ti wà lọ́wọ́ yín. Kò lọ ilé ìwé oníkámẹ́rà kankan. Bóyá ohun tó gbà á là nìyẹn.

Ti orin ló wá pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún. Réal fi orin olókìkí kan sínú fídíò, láìtọrọ lọ́wọ́ olórin. Mo bi í pé ṣé kò sí ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó ní ta ló máa mọ̀. Ní Douala, ìlú Manu Dibango! Ọdún 1933 ni wọ́n bí bàbá náà síbí. Nígbà tí Kámẹrúùnù gbàlejò ìdíje ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ní 1972, ó kọ orin kan fún ìdíje náà, ó sì fi “Soul Makossa” sí ẹ̀yìn àwo. Ta ló ń kọ orin bọ́ọ̀lù náà lónìí? Èyí tó wà lẹ́yìn àwo ló yí ayé po. Ní 1982, Michael Jackson mú ègbè rẹ̀ sínú orin tirẹ̀ nínú àwo Thriller, bàbá pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì fi owó parí rẹ̀. Bí ọmọ Douala bá lè ká Michael Jackson mọ́, ta ni èmi atúnfíríjìṣe? Ibi tí wọ́n gbé fídíò náà sí kò tilẹ̀ pè mí lẹ́jọ́. Ẹ̀rọ wọn gbọ́ orin, ó sì pa ohùn fídíò náà látòkè délẹ̀.

Ó wá ku èmi nìkan, nínú kóòtù dúdú, tí mò ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú èéfín funfun láìsí ìró kankan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí i lórí WhatsApp ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó figbe ta: “Ìgbà wo ló kú?”

Ẹ kíyè sí i pé ohùn tí wọ́n pa yẹn kì bá tí ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo fídíò láìgbọ́ ohùn: nínú ọkọ̀, ní ọ́fíìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀ àwòrán, pé yàrá yìnyín là ń tún ṣe, pé tọ̀sán-tòru la ń jáde, tòun ti nọ́ńbà fóònù, adití pàápàá ì bá pè mí. Réal kò kọ nǹkan kan. Ó ní ọ̀rọ̀ ń ba àwòrán jẹ́.

Wọ́n dá ohùn padà fún un. Ẹ gbọ́ irú ohùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ Faransé àwọn ará Paris, tó ń fi imú kọrin, ni wọ́n fi sí ẹnu mi. Faransé tèmi, New Bell ni mo ti kọ́ ọ. Ó ní Pidgin nínú, ó ní Yorùbá nídìí. Ẹlẹ́ja kan ní Youpwè pe nọ́ńbà, ó gbọ́ mi, ó pa fóònù. Ó tún pè, ó tún gbọ́ mi, ó tún pa á. Èmi ni mo wá pè é. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ jí fóònù Papa Glaçon, àbí? Ọlọ́run ń wò yín.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí dé nìyí, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo àwọn oníkámẹ́rà yìí kò fẹ́ẹ́ dé. Ní Kámẹrúùnù, orúkọ tí wọ́n ń pe oníjìbìtì ńlá ni feyman. Láti àwọn ọdún 1990 ni òkìkí wọn ti kàn: kóòtù olówó iyebíye, mọ́tò ńlá, ẹnu dídùn, àti idán tí wọ́n fi ń ṣèlérí pé àwọn á sọ owó kékeré di ńlá. Kò sí ìdílé tí kò ní ìbátan kan tó ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ wá mú kóòtù, ẹ fi drọ́ònù kún un, ẹ fi ohùn Paris lé e, ẹ da èéfín sí i, ẹ wá fi pé ọmọ Nàìjíríà ni mí parí rẹ̀. Ta ló máa fi kọ́kọ́rọ́ yàrá yìnyín rẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Gbogbo ohun tí mo sanwó fún kí wọ́n fi ṣe mí lọ́ṣọ̀ọ́ ni feyman fi ń ṣọdẹ. Pẹ̀lú aṣọ elépo mi àti ẹyẹ mi tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n gbà mí gbọ́. Owó ni mo fi ra ìfura.

Ẹni tí ẹja kún yàrá rẹ̀, tí iná ọba sì ń ṣe ségesège, kò wá arẹwà ọkùnrin. Ohun mẹ́ta ló fẹ́ẹ́ mọ̀. Ṣé èèyàn gidi ni ọ́? Ṣé o mọṣẹ́? Bó bá tún bàjẹ́ lọ́la, níbo ni mo ti máa rí ọ mú? Fídíò tí kò bá dáhùn mẹ́ta yìí, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ìbéèrè kẹta ló sì le jù ní Douala, nítorí a kì í fi nọ́ńbà ilé júwe ọ̀nà níbí. Feu rouge Bessengué la fi ń júwe rẹ̀, tàbí Salle des fêtes d’Akwa, tàbí ẹ̀yìn ibi tí ilé búrẹ́dì kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti wó. Alùpùpù bendskin èyíkéyìí á gbé yín dé ọ̀dọ̀ mi bí ẹ bá mọ oríta tí ẹ máa dárúkọ. Àdírẹ́sì tí Réal kọ sí ìparí fídíò mi ni “Douala, Cameroun”, ní lẹ́tà tín-ín-rín, fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìlú tó ní ju mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn lọ! Ẹ wá mi wá.

Nígbà tí mo fi ẹ̀hónú hàn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣí fóònù, ó fi iye àwọn tó wò ó hàn mí. Wọ́n wò mí ní Paris, wọ́n wò mí ní Brussels, wọ́n wò mí gan-an ní Montréal. Mo ní ẹ kí wọn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé ìhìnrere rẹ̀ fún mi: pé ní 2012, àwọn Dollar Shave Club ní Amẹ́ríkà fi nǹkan bí 4,500 dọ́là ya fídíò kan, pé láàárín ọjọ́ méjì èèyàn bí 12,000 ló ra abẹ ìfárùngbọ̀n lọ́wọ́ wọn, pé nígbà tó di 2016 Unilever fi nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là rà wọ́n. Òótọ́ ni. Ohun tí kò sọ ni pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń gbé abẹ wọn dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Ẹni tó wò wọ́n ní California lè rà. Ẹni tó wò mí ní Montréal, ṣé kí n fi gáàsì fíríjì ránṣẹ́ sí i nínú àpò ìwé ni? Gbogbo ayé kọ́ ni oníbàárà mi. Láti New Bell dé Bonabéri ni, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ndokoti bá gbà.

Ó tún mú ti Blendtec wá, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìlọta ní Utah. Ní 2006 ni ọ̀gá wọn nígbà náà, Tom Dickson, bẹ̀rẹ̀ sí wọ aṣọ funfun níwájú kámẹ́rà, tó ń da ohun tí kì í ṣe oúnjẹ sínú ẹ̀rọ náà. Ní 2007 ó da iPhone sí i. Owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò ju nǹkan bí 50 dọ́là lọ. Mo wo ìyẹn, mo sì fò sókè. Mo ní, “Ohun tí mò ń wí látàárọ̀ nìyẹn! Ẹni tó bá ti rí i tí ẹ̀rọ lọ fóònù di lẹ́búlẹ́bú kò ní béèrè mọ́ bóyá ó lè lọ ata. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fi hàn, wọn ò fi kóòtù ọ̀gá hàn.” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mi orí, ó ní òun ti lóye. Ó ní ká ti ewúrẹ́ mọ́ inú yàrá yìnyín.

Mo lé wọn jáde. Mo fún ọmọ iṣẹ́ mi ní fóònù mi, mo ní kó gbé e dúró lóòró, nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń di fóònù mú. Ti Réal dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kò sì ju àtàǹpàkò lọ lójú fóònù. Mo tún ní kí fídíò má wúwo. Tántíì kan ní Marché Central ti kọ́kọ́ bú mi pé fíìmù mi jẹ gbogbo mẹ́gà òun tán kó tó ṣí, àwọn mẹ́gà tí òun rà láti fi bá ọmọ òun tó wà ní Garoua sọ̀rọ̀. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi. Mo dúró níwájú fíríjì, mo ní: “Fíríjì yín kò tutù dáadáa? Ẹ mú owó bébà 500 sẹ́fà. Ẹ fi ilẹ̀kùn fíríjì há a mọ́. Ẹ fà á. Bó bá le, ó dára. Bó bá yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti kú, òtútù tí ẹ ń sanwó iná fún ń jáde lọ sígboro.” Mo sọ orúkọ mi, mo sọ oríta mi, ó parí. Faransé New Bell ni mo fi sọ ọ́, mo fi Pidgin tún un sọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, fídíò náà rìn. Ó ti ọwọ́ ẹlẹ́ja kan bọ́ sí ti èkejì, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo Douala ń fa 500. Rọ́bà wọn ti kú lóòótọ́. Kí wá ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ ra rọ́bà tuntun lọ́jà, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lẹ̀ ẹ́, wọ́n wá ń pè mí láti béèrè irú gúlúù tó dára. Lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹnìkan pè mí láti mọ̀ bóyá owó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ẹlòmíràn ní 500 òun já bọ́ sẹ́yìn fíríjì, kí n wá yọ ọ́. Mo lọ tìbínú-tìbínú. Ẹ̀yìn fíríjì náà, eruku ti di kọ̀ǹdẹ́ńsà pa, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń mí gúlegúle. Níbẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ gbà, torí obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù ẹja ní Bonabéri, ó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí mo mọ̀. Ẹni tí ẹ bá kọ́ ní díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ yín ló máa gbé èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ wá. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ gúlúù yẹn ṣì ń dùn mí.

Réal gbọ́ pé fídíò rìn, ó mú ìwé owó iṣẹ́ wá pé kí n san. Ohun tó kọ sí i ni “Stratégie”, ìyẹn ètò ọgbọ́n. Ó ní ìbínú tí òun mú bá mi ló bí fídíò tuntun náà, torí náà òun ní ìpín níbẹ̀.

Nítorí náà, èmi náà ti kọ àdéhùn tèmi, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Oníkámẹ́rà tó bá fẹ́ẹ́ bá mi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn èyí, kó kà á kó tó jókòó. Orúkọ iṣẹ́ mi gbọ́dọ̀ jáde kí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó pé. Ohùn mi ni kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ náà sísàlẹ̀ fún ẹni tí kò lè gbọ́. Nọ́ńbà mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó dúró lójú kan, kó má jó. Oríta mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ni mo máa wọ̀. Kò sí èéfín, kò sí orin olórin, kò sí ère, kò sí ewúrẹ́. Òṣùwọ̀n ni kí wọ́n yà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Kí ẹni tó ní mẹ́gà kékeré lè wò ó, kó sì ṣẹ́ kù fún un tó lè fi pè mí.

Ti owó nìyí: mo máa san ìdajì lọ́jọ́ tí wọ́n bá yà á tán. Ìdajì kejì ń dúró de ọjọ́ tí fóònù máa dún, tí ẹni tó pè kò béèrè ibi tí a ti ra kóòtù, tí kò béèrè ta ló kú, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ fíríjì ló fi bẹ̀rẹ̀.